Má Tíì Pe Onígégi: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Gbin Egbòogi Sínú Igbó

Àyìnkẹ́ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, inú mi sì dùn pé egbòogi lo fẹ́ fi ilẹ̀ yẹn gbìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé ẹ óò kọ́kọ́ gé gbogbo igi ibẹ̀ lulẹ̀, àyà mi já. Jọ̀ọ́, má tíì pe onígégi. Àwọn igi yẹn gan-an ni oko náà.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí o kọ orúkọ wọn sí mi, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń hù kí ẹnikẹ́ni tó gbìn wọ́n. Ataare fẹ́ ibòji àti ilẹ̀ tó tutù. Bí oòrùn bá ń pa á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ewé rẹ̀ á jóná. Ìyèré ní tirẹ̀, igi ló ń gùn. Bí o bá gé igi tán, kí ló fẹ́ gùn? Ewé tó ń já bọ́, tó ń jẹrà nílẹ̀, òun ló ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ tí kì í sì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí igi bá lọ, ọ̀gbàrá á gbá gbogbo rẹ̀ lọ, ìwọ á wá máa fi owó ra ajílẹ̀ tí o ti ní lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀.

N kò ní kí ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri o. Níbi tí igi bá ti dí jù, gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí oòrùn lè máa ta wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sílẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ju ataare lọ, etí igbó ni kí o gbìn ín sí. Má sì kó ohun ọ̀gbìn pọ̀ sójú kan ṣoṣo. Níbi tí atẹ́gùn kò bá ráyè kọjá, àrùn tó ń mú gbòǹgbò jẹrà kì í pẹ́ débẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù lọ nìyí: kí o tó gbin ohunkóhun, bi ara rẹ pé kí ni wàá mú lára rẹ̀. Èso ni, ewé ni, èèpo ni, àbí gbòǹgbò? Èso rọrùn. Ìdí ataare ni èso rẹ̀ ti ń yọ, nítòsí ilẹ̀. O ká èyí tó pọ́n, ìdí rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ewé náà kò le, bí o kò bá ṣáà ti já igi kan sí ìhòòhò.

Èèpo ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀nà ọ̀fun igi ni èèpo: inú rẹ̀ ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò. Mo ti rí igi ńlá tí wọ́n bó yípo, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹni tó bá ń kọjá á ní kò sí nǹkan kan. Ebi ti ń pa gbòǹgbò rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí oògùn rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún igi Prunus africana nìyẹn lórí àwọn òkè Kamẹrúùnù àti Madagascar, nítorí pé èèpo rẹ̀ wà fún oògùn àrùn prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń gé e lulẹ̀ kí wọ́n lè bó o tán. Láti 1995 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tó lè run, ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀. Tí o bá fẹ́ bó èèpo, igi tó ti gbó dáadáa ni kí o lọ bá. Bó díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan àti díẹ̀ ní òdìkejì rẹ̀, kí èèpo tó pọ̀ ṣì kù láàárín méjèèjì. Ọ̀bẹ mímú ni kí o lò, má fi ẹ̀yìn àdá lù ú. Wàá rí awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lára igi, má fọwọ́ kàn án. Láti ibẹ̀ ni èèpo tuntun ti ń hù. Lẹ́yìn náà, fi igi yẹn sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Ti gbòǹgbò, bí o bá hú u, ó parí. Èròjà reserpine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a kiri. Wo ohun tí wọ́n ṣe sí ginseng, egbòogi abẹ́ igi tí wọ́n ń lo gbòǹgbò rẹ̀, ní Amẹ́ríkà: híhú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run láwọn ibì kan, wọ́n sì fi í sábẹ́ CITES ní 1975. Lónìí, èyí tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó gbọ́dọ̀ pé ọdún 5 ó kéré tán kí wọ́n tó lè kó o lọ tà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ sì ni pé kí ẹni tó hú u ri èso pupa rẹ̀ padà síbi tó ti hú u. Àwọn kan ti wá ń gbìn ín káàkiri abẹ́ igi, bí ìgbà tó hù fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún mọ́ra wọn lábẹ́ àtíbàbà nínú oko gbalasa, oògùn apàrùn ni wọ́n ń fọ́n sí i léraléra.

Gbígbẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: orí pẹpẹ ni kí o sá wọn sí, lábẹ́ ibòji, níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kí wọ́n má baà bu. Kọ orúkọ sára àpò kọ̀ọ̀kan kíá, torí ewé gbígbẹ jọra wọn.

Nítorí náà, tún orúkọ gbogbo wọn kọ, kí o kọ apá tí wàá mú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó bá jẹ́ ti gbòǹgbò, a óò jọ ṣírò iye tí wàá máa gbìn lọ́dọọdún, kí híhú tó bẹ̀rẹ̀. Owó onígégi yẹn, fi ra irúgbìn.

Èmi ni,
Màmá rẹ