Táyọ̀, ẹni tó ni orúkọ òpópónà yẹn nìyí

Ìbàdàn

Táyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Paris ò tíì lé ẹ mọ́lé? Dáadáa la wà níbí. O bi mí lọ́jọ́sí pé ta ni Arago tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà tó ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ò ṣe é sọ tán lórí fóònù, ni mo ṣe mú bírò.

Ọdún 1786 ni wọ́n bí François Arago, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní Estagel, nítòsí Perpignan, ní gúúsù Faransé. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n rán òun àti Biot, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lọ sí Sípéènì, kí wọ́n wọn ìlà tó gba Paris kọjá láti àríwá dé gúúsù, èyí tí wọ́n gbé mítà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lé. Biot padà sílé, Arago nìkan wá ń tan iná lórí òkè ní Majorca, erékùṣù Sípéènì, lóru kí wọ́n lè rí i láti òkè kejì. Àfi bí ogun ṣe bẹ́ láàárín Faransé àti Sípéènì ní 1808! Àwọn ará erékùṣù náà ní ọmọ ogun Faransé ló ń fi iná yẹn pè. Kí wọ́n má baà pa á, inú ẹ̀wọ̀n ló sá wọ̀. Ó fi ọkọ̀ apẹja sá dé Algiers ní Áfíríkà. Ó tún wọkọ̀ tó ń lọ sí Marseille ní Faransé, àwọn ará Sípéènì gbá a mú lójú òkun, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ìjì gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà sí Áfíríkà. Oṣù Keje 1809 ló tó fẹsẹ̀ tẹ Marseille. Táyọ̀, gbogbo ìwé tó kọ ìwọ̀n sí ló tọ́jú délé.

Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbà á sí Académie des Sciences, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Faransé. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí. Òun ló sì kéde iṣẹ́ Daguerre, fọ́tò yíyà, fún aráyé ní 1839. Ó ti di aṣòfin nígbà náà.

Ní Oṣù Kejì 1848, Paris lé ọba lọ. Arago di mínísítà tó ń bójú tó ọkọ̀ ogun ojú omi àtàwọn ilẹ̀ òkèèrè Faransé, Schoelcher, tó ń jà kí oko ẹrú dópin, sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹrin, Arago wà lára àwọn tó fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú. Nǹkan bí 250,000 èèyàn ló gba òmìnira ní àwọn erékùṣù Faransé bíi Martinique àti Guadeloupe àtàwọn ibòmíì. Ìyẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí àwọn èèyàn wa ní Brazil ṣì wà lóko ẹrú fún ogójì ọdún sí i.

Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ló dùn mí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa gbógun dìde, Arago lọ bá wọn lójú pópó pé kí wọ́n sinmi. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, “Ebi ò pa ọ́ rí.” Ìjọba tí Arago wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀ yin ìbọn sí wọn. Mi ò lè gbà á sílẹ̀ lórí ìyẹn.

Síbẹ̀, ní 1852, nígbà tí Louis-Napoléon, olórí Faransé nígbà náà, ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba búra fún òun, Arago ti ń ṣàìsàn, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ó kọ̀wé pé òun ò ní búra, pé òun ṣe tán láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Bí o bá ń rìn, máa wo ilẹ̀. Wọ́n ri àwo bàbà kéékèèké mọ́lẹ̀ káàkiri Paris ní 1994, lórí ìlà tí mo sọ yẹn, orúkọ Arago sì wà lára wọn. Bí o bá rí ọ̀kan, jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Délé