Sí Dúpẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Átọ́ọ̀mù

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Àlàáfíà la wà ní Ìsánlú, a ti kó ẹ̀gúsí wọlé.

O ní wọ́n ń kọ́ yín ní oríṣiríṣi àwòrán átọ́ọ̀mù, wọ́n sì tún ń sọ pé àwọn ti àtijọ́ kò tọ̀nà. "Màmá, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kì í ṣe irọ́, ọmọ mi. Ibi tí ojú kálukú wọn tó ni wọ́n sọ.

Ọmọ ahunṣọ ni Dalton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan. Ní nǹkan bí ọdún 1803, ó ní hóró kéékèèké tí kò ṣeé fọ́, tí à ń pè ní átọ́ọ̀mù, ló para pọ̀ di ohun gbogbo. Ó di 1897 kí Thomson tó rí ẹlẹ́kítíróònù, hóró tín-tìn-tín oníná nẹ́gátíìfù inú átọ́ọ̀mù, ní Cambridge: hóró tí wọ́n ní kò ṣeé fọ́ ní nǹkan nínú!

Ṣé o rántí bàrà tí a jọ là lóko, bí ẹ̀gúsí ṣe há káàkiri inú rẹ̀? Bí Thomson ṣe ro átọ́ọ̀mù nìyẹn. Ara bàrà ni iná pọ́sítíìfù, ẹ̀gúsí inú rẹ̀ ni ẹlẹ́kítíróònù.

Rutherford, tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Thomson fúnra rẹ̀, ló dán an wò. Ní 1909, ní Manchester, ó ní kí Geiger àti Marsden ta hóró álífà, ìyẹn hóró oníná pọ́sítíìfù tó ń yára bí ọta, lu wúrà àti irin mìíràn tó fẹ́lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Marsden, bí ìwọ náà. Inú òkùnkùn ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń fi ojú ka iná tín-tìn-tín tó ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí hóró náà bá balẹ̀ sí. Bàrà kò lè dá ọta padà, àbí? Èyí tó pọ̀ jù kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹyọ kan nínú 8,000 ta padà. Ní 1911 Rutherford ní kókó líle kan ń bẹ láàárín, òfìfo ló yí i ká. Bí átọ́ọ̀mù bá tó pápá bọ́ọ̀lù, kókó náà kò ju hóró ẹ̀gúsí kan lọ.

Nígbà tí mo wà níléèwé, mo bi olùkọ́ wa pé kí ló dé tí ẹlẹ́kítíróònù tó ń yí kókó ká kì í já lù ú. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, n kò sì bèèrè ohunkóhun mọ́ títí mo fi jáde. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni Bohr gbé lọ́wọ́ ní 1913, tó fi sọ pé ojú ọ̀nà kan pàtó ni wọ́n lè máa rìn. Ní 1926 Schrödinger tún fi ìgbì ṣàlàyé ẹlẹ́kítíróònù dípò ojú ọ̀nà, Born sì sọ lọ́dún kan náà pé ibi tó ṣeé ṣe kí a ti bá wọn nìkan la lè sọ. Chadwick rí niútíróònù, hóró inú kókó tí kò ní iná, ní 1932.

Nítorí náà, má ṣe há orúkọ àti ọdún sórí lásán. Bèèrè ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ padà. Bí wọ́n bá ní kí o jókòó, jókòó, kí o tún nawọ́ lọ́jọ́ kejì.

Bá mi bi wọ́n ní èyí: iná pọ́sítíìfù kan náà ni gbogbo pírótóònù, àwọn hóró mìíràn inú kókó, ní, ó sì yẹ kí wọ́n máa ti ara wọn dànù. Kí ló so wọ́n pọ̀? Mò ń retí èsì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ