Bàbá, òrùlé yẹn!

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Mo kúnlẹ̀. Owó oògùn á wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wọ rélùwéè láti Glasgow lọ sí Stirling, kò tó wákàtí kan. Orí àpáta gàgàrà ni ààfin àwọn ọba Skọ́tlándì àtijọ́ wà níbẹ̀. Ogun tó jà níbẹ̀ ò lóǹkà, ẹyọ kan ni màá sọ. Ní 1304, Edward ọba Gẹ̀ẹ́sì to ẹ̀rọ ràgàjì kan tó ń ju òkúta. Àwọn ará inú ààfin ní àwọn ti túúbá. Ọba ní ó tì, kí wọ́n dúró kí òun fi ẹ̀rọ òun dánra wò ná! Ó sì jù ú lù wọ́n. Bí ọmọdé tó ra nǹkan ìṣeré tuntun.

Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀ ló mú mi rántí yín. Ọba James Kẹrin ló kọ́ ọ, ó parí ní nǹkan bí 1503. Òkúta eléérú ló yí i ká, àmọ́ wọ́n fi ẹfun aláwọ̀ kun òun, ó wá rí bíi gàrí tí wọ́n ta epo díẹ̀ sí. Àwọn kan kùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní tèmi.

Bàbá, òrùlé yẹn! Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí. Igi oak, ìrókò tiwọn nìyẹn, ni gbogbo rẹ̀. Apá igi yọ lára ògiri lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan gbé èkejì, kò sí òpó kankan láàárín ilé. Mo wá ìṣó títí, n kò rí ẹyọ kan. Tuntun ni o. Àwọn ṣọ́jà ti tú ti àtijọ́ dànù ní nǹkan bí 1800, wọ́n gé gbọ̀ngàn ọba sí yàrá yàrá, wọ́n ń sùn síbẹ̀. 1964 ni wọ́n tó kó jáde. Àtúnṣe rẹ̀ di 1999 kó tó parí.

Ilé James Karùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí èèyàn tí wọ́n gbẹ́ sára igi ló wà lájà ibẹ̀ nígbà kan, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà kan. Ní 1777 ọ̀kan já lu ṣọ́jà, ni wọ́n bá tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Mo sún mọ́ ọ̀kan dáadáa: ojú irin ṣì hàn nínú irun rẹ̀, wínníwínní, bíi ti ilẹ̀kùn tí ẹ gbẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo gbọ́ pé Bọ̀dá mi fẹ́ ta irinṣẹ́ yín fún àwọn tó ń ra pàǹtí irin. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má tíì tà á. Èmi ni màá rà á.

Ọmọ yín,
Bọ́lá