Láti Ojú Ìwé 42

Àjọkẹ́ mi,

Kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Kú àmúmọ́ra.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì ni mo tó ṣàkíyèsí pé kò sí kọ́mà kan ṣoṣo ní ojú ìwé kejì, ìwọ tí o máa ń bá mi fa ọ̀rọ̀ kọ́mà bí ẹni ń fa ogún. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára tó, ju gbogbo ohun tí o kọ lọ.

O ní alẹ́ Ọjọ́rú ni ọ̀gá rẹ tó ń kọ́ ọ ní ìwé kíkọ pè ọ́, o rí ìpè náà, o ní tí ilẹ̀ bá mọ́ lo máa pè é padà. Ilẹ̀ mọ́, o pè, ẹlòmíràn ló gbé e. (Má bínú pé "ó" ni mo ń pè é. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, òun náà sì mọ̀.) Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìyẹn kúrò lọ́nà. Ìpè tí o kò gbé kọ́ ló pa á. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ni níṣẹ́ kì í fi ìpè kan ṣoṣo wọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá ló fẹ́ sọ. Ó sì lè jẹ́ ìwé rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ láti èṣín ló fẹ́ béèrè. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí, ìwé ni.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ìpínrọ̀ tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ni. O ní ikú yìí ti là ọ́ lójú, pé o ti wá mọ ìdí tí o fi ń kọ̀wé. O ní ojoojúmọ́ lo máa kọ ọ̀rọ̀ 2,000, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Pé o máa fi iṣẹ́ tí o fi ń jẹun sílẹ̀ kí oṣù tó tán. Pé ìwé tí ọ̀gá rẹ kò rí parí, ìwọ lo máa parí rẹ̀. N kò ní bu omi sí i. Mo kàn mọ ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń jó dé, torí ó ti jó nínú ilé mi rí.

Ọ̀gá tèmi, fọ́tò wọn nìkan lo mọ̀, èyí tó wà lára ògiri lẹ́yìn tábìlì mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà tí wọ́n papò dà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé ohun tí mo bá kọ lọ bá wọn, n kò sì gbọ́ "ó dára" lẹ́nu wọn rí. Àmì méjì péré ni wọ́n ní. Tí wọ́n bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Èyí, o gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn ni, o kò rí i." Tí wọ́n bá fi pẹ́ńsù yí òdo kékeré sí etí ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mo gbà ọ́ gbọ́." Mo ti ṣí ogún ojú ìwé rí tí n kò rí òdo kan. Ọjọ́ tí mo bá rí méjì lójú ìwé kan náà, màmá rẹ á ti mọ̀ kí n tó wọlé. Ó ní ìró ẹsẹ̀ mi máa ń yàtọ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo gbé odidi ìwé fún wọn, ojú ìwé 112. Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n jókòó sórí àga láti bọ́ bàtà, wọn kò dìde mọ́. Kò sí àìsàn, kò sí ibà, kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyàwó wọn fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo ń ṣí i. Ìlà, ìlà, òdo, ìlà. Ojú ìwé 41 ni wọ́n ti fa èyí tó gbẹ̀yìn, sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ó dùn gan-an nígbà tí mo kọ ọ́. Mo ṣí ojú ìwé 42. Ó mọ́ fínnífínní. Mo ṣí 43. Òun náà mọ́. Mo ṣí i títí dé 112 bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sọnù.

Èmi náà gbaná bíi tìrẹ. Oṣù kan àbọ̀ ni mo fi kọ ọgọ́ta ojú ìwé. Àwọn ènìyàn ní ikú ọ̀gá mi ti sọ mí di òǹkọ̀wé, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná kú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó máa kú. Odidi oṣù mẹ́rin, n kò kọ ìlà kan, mo sì ń wo ara mi bí ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tí mo wá padà ka ọgọ́ta ojú ìwé náà, ojú tì mí. Ohùn ọ̀gá mi ni mo ń sín jẹ. Àní ibi tí wọ́n ti máa ń dánu dúró láti wúkọ́, èmi náà dúró níbẹ̀. Ìbànújẹ́ máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yá, Àjọkẹ́, àmọ́ ojú kì í ríran dáadáa nígbà náà.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí n kò rí oorun sùn, mo fa ìwé olójú-ìwé 112 yẹn yọ, mo wá pẹ́ńsù, mo ṣí ojú ìwé 42. N kò ní èrò ńlá kankan lọ́kàn. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí wọn ìbá ti fa ìlà ká ní wọ́n dé ibẹ̀ ni. Ìlà kẹta láti òkè: "Obìnrin náà sunkún kíkankíkan." Mo fa ìlà sábẹ́ "kíkankíkan" láìronú. Ni mo bá jókòó tí mo ń wò ó. Ta ni mo rí rí tó sunkún kíkankíkan? Mo rántí ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́jọ́ tí ọkọ wọn kú. Wọn kò sunkún rárá. Aṣọ kan ni wọ́n gbé lé ẹsẹ̀, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí rẹ̀ kó lè gún. Mo pa ẹkún náà rẹ́, mo kọ aṣọ náà sí i. Mo dúró díẹ̀. Mo wá yí òdo kékeré kan sí etí ìwé, fún ara mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tó ń jí nǹkan.

Láti ọdún mẹ́sàn-án, mo ti ń kọ̀wé kí ẹnì kan lè yí òdo fún mi. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá mú pẹ́ńsù, pé èmi ni wọ́n ń fún ní máàkì. Wọn kò wò mí. Obìnrin tó ń ká aṣọ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń fẹ́ kí n yà kúrò lọ́nà kí àwọn náà lè rí i. Obìnrin náà kò sì bá wọn kú. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti di tèmi. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́jọ kí n tó dé ojú ìwé 112.

O fẹ́ràn Guy de Maupassant, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé yẹn, nítorí náà jẹ́ kí n fi tirẹ̀ kún un. Akọ̀wé lásán ni nínú iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Faransé nígbà tí Gustave Flaubert, òǹkọ̀wé àgbà, ń kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan tó jáde ní ọdún 1888 pé ọdún méje ni òun fi kọ ewì, ìtàn àti eré tí kò sí ọ̀kan tó kù nínú wọn. Ọ̀gá á kà wọ́n, tó bá di Ọjọ́ Àìkú á sọ ibi tí wọ́n ti wọ́. Ọ̀gá náà ní kó wo nǹkan pẹ́ títí á fi rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lára rẹ̀. Ó ní tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹṣin tó ń fa ọkọ̀, kó sọ ọ́ tí a kò fi ní ṣì í mú fún àádọ́ta ẹṣin mìíràn tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 1880 ni ìtàn tó kọ́kọ́ sọ Maupassant di olókìkí jáde, Flaubert sì ti kà á, ó ti yìn ín. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, Flaubert ṣubú nílé rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ náà, ẹni ọdún 58. Láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Maupassant kọ nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ìtàn kúkúrú àti ìwé ìtàn-àròsọ mẹ́fà.

Àwọn kan á fẹ́ sọ pé ikú ọ̀gá ló tú u sílẹ̀. Èmi kò gbà. Ọdún méje Ọjọ́ Àìkú ni mo rí níbẹ̀. Ẹni tí a kò ti kọ́ láti wo ẹṣin, tí ọ̀gá rẹ̀ bá kú, ẹkún nìkan ló máa ní. Ìwọ ti lo ọdún mẹ́fà.

Ó kù ẹ̀jẹ́ mẹ́ta tí o jẹ́. Iṣẹ́ rẹ, má fi í sílẹ̀. Ebi kò mọ ọ̀fọ̀.

Ọ̀rọ̀ 2,000 lójúmọ́, wàá ṣe é fún bí ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ kejìlá ara á kọ̀, wàá sì rò pé o ti ṣẹ òkú. Kọ 200, kí o dìde, kódà tó bá ń dùn mọ́ ọ lọ́wọ́. Ohun tí o bá kọ láàrin oṣù mẹ́ta yìí, kó o sínú àpótí kí o tì í. Má fi han ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Èyí tí wọ́n ní kí o kà níbi ìsìnkú nìkan ni kí o yọ sọ́tọ̀, kí o sì fi ohun kan ṣoṣo tí o fojú ara rẹ rí i pé ó ṣe kún inú rẹ̀. Àwọn yòókù á ti sọ pé ènìyàn dáadáa ni.

Ti ìwé tí kò parí yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Kì í ṣe tìrẹ. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kì í bá a wọ ilẹ̀: àdéhùn Berne tí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ayé ń tẹ̀ lé ní ó gbọ́dọ̀ wà fún ọdún 50 ó kéré tán lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì sọ ọ́ di 70. Àwọn àrólé rẹ̀ ló ni ín. Àwọn orí tó fi ránṣẹ́ sí ọ, má pa á rẹ́, má tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú rẹ̀, kódà àṣìṣe ìtẹ̀wé. Kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ rẹ sílẹ̀, kí o sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, bá wọn tò ó, kí ẹ fi hàn gbangba ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Flaubert náà fi ìwé tí kò parí sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1881 láìparí, a sì ń kà á bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Má sì jẹ́ kí n tàn ọ́, òfin kọ́ ni ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Tí o bá parí ìwé rẹ̀ fún un, ta lo fẹ́ kó kà á? Òun náà ni. Òdo lo ṣì ń wá.

O sọ fún mi nígbà kan pé orí mẹ́ta ìwé tìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹkún bá ti rọlẹ̀ nílé wọn, má ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, bi ìyàwó rẹ̀ bóyá wọ́n rí i. Tí wọ́n bá kó o fún ọ, má kọ́kọ́ ka ohun tó kọ sí i. Wá ibi tó dúró sí. Tí wọn kò bá rí i, tẹ òmíràn kí o bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Pẹ́ńsù tí mo fi ṣe tèmi kì í ṣe ti ọ̀gá mi, màmá rẹ ló ń fi í ka ìnáwó ilé tẹ́lẹ̀, ó sì ṣì ń bi mí pé mo gbé e sí ibo.

Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o jẹun. Èmi ní kí o máa fi kọ́mà sí lẹ́tà. Fóònù mi wà ní títàn lóru. Tí o bá pè tí n kò gbé e, oorun ni o, tún un pè.

Èmi ni,
Bàbá rẹ