Wọ́n ti ń pè mí ní Khru (tíṣà ní èdè Thai)

Bangkok, Thailand
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, oṣù Karùn-ún, 2025

Ọ̀rẹ́ mi Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Físà mi ò ní wàhálà, oúnjẹ ń lọ, oorun ni kò wá. Ooru ibí yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń bá jà. Èèyàn kàn ń túúbá fún un ni.

Ọ̀sẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwa tíṣà Gẹ̀ẹ́sì là ń ṣe, kí kálukú tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín in sí. Àárín oṣù yìí làwọn ọmọ ń wọlé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn, torí bí mi ò bá sọ ọ́, mi ò ní lè sọ ìyókù. Lọ́jọ́ tí a dé, bébà méjì ló wà lórí tábìlì tí a ti ń forúkọ sílẹ̀: ọ̀kan fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn, èkejì fún àwa tó kù. Mo kọ orúkọ mi sí àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ wo pásípọ́ọ̀tù mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa igi lé orúkọ mi, ó sì tún un kọ sí èkejì. Èmi! Èmi tí wọ́n fi pátákó kọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ tí mo fi Yorùbá tọrọ bírò lọ́wọ́ rẹ! (Mi ò tíì dá bírò náà padà, mo mọ̀.) Wọ́n wá ní kí n lọ ṣe ìdánwò TOEIC, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Australia tó ń jókòó tì mí kò ní ìdánwò kankan í ṣe, bẹ́ẹ̀ èmi ló ń bi léèrè bí wọ́n ṣe ń kọ "necessary". Owó oṣù rẹ̀ sì ju tèmi lọ. Mo rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wọn. Ìgbà tí mo dé yàrá ni mo tó ti ilẹ̀kùn.

Àmọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọlọ́run gbèjà mi. Wọ́n kọ́ wa ní èdè wọn díẹ̀. Ohùn márùn-ún ló ní, tiwa mẹ́ta. Olùkọ́ ní ká pe "mai" lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra pẹ̀lú ohùn wọn, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Igi tuntun kì í jó, àbí?" Gbogbo wọn ń ké bí ewúrẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo pè é, ìyá olùkọ́ náà pàtẹ́wọ́. Mo bá dìde, mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó fún wọn, káwọn náà lọ forí họ díẹ̀.

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ṣàlàyé wai, ìkíni wọn: àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á pa pọ̀, orí á tẹ̀ wálẹ̀, kékeré ló sì ń kọ́kọ́ kí àgbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ. Èyí tí mi ò mọ̀ ni pé wọn kì í na ẹsẹ̀ sí èèyàn, wọn kì í sì í fọwọ́ kan èèyàn lórí. O mọ èmi àti orí ọmọ. Lánàá, mo ń gba ọgbà Lumphini kọjá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orin bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn dúró gbagidi bí ère. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, mo bá fi eré sí i. Orin orílẹ̀-èdè ni! Aago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ojoojúmọ́. Ọdún 2568 ni wọ́n sì kọ sórí ìwé wa. Kàlẹ́ńdà wọn fi ọdún 543 ṣáájú tiwa. Sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n sinmi, ó kù díẹ̀ kí n pé ẹgbẹ̀ta ọdún láìlọ́kọ.

Orúkọ àwọn ọmọ gùn, nítorí náà ìnagijẹ ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ní a óò bá Ice, Bank àti Beer pàdé. "Beer, jókòó." Gbàdúrà fún mi.

Ọ̀la ni mo máa kọ́ni fún ogún ìṣẹ́jú níwájú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ṣe bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní kí tíṣà má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọmọ ni kó máa sọ ọ́. Èmi, dákẹ́! Wọ́n tún ní kó sanuk, kó dùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní tẹ́tí. Mo ti gé àwòrán, mo ti ra bọ́ọ̀lù tí wọ́n á máa jù síra wọn. Iṣẹ́ náà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì mi "yàtọ̀". Kò ní ó dára, kò ní kò dára. Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ sọ "three", ahọ́n mi á kọ́kọ́ dúró rò ó. Bí ọmọ kan bá wá bi mí lọ́jọ́ kìíní pé ṣé èmi gan-an ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?

Ó dáa, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín mi sí fẹ́ rí ojúlówó ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi kí wọ́n tó bá mi gba àṣẹ ọlọ́dún méjì lọ́wọ́ Khurusapha, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ wọn. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo kó wá. Ojúlówó wà lọ́wọ́ Bọ̀dá, nínú fáìlì aláwọ̀ ewé. O mọ bí èmi àti wọn ṣe túká. Jọ̀ọ́, bá mi lọ. Kúnlẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ní àfi kí èmi fúnra mi pe àwọn, màá pè. Bí wọ́n bá béèrè mi, sọ pé ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Má sọ ti bébà méjì yẹn fún wọn.

Èmi ni,
Khru rẹ (bírò ń bọ̀)