Ilẹ̀ ni kí a wọ̀n, kì í ṣe orí igi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ọ̀nà àti gọ́tà jáde ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì.

Kí ẹnjiníà tó lè mọ ibi tí wọn yóò ti wa ilẹ̀ àti ibi tí wọn yóò ti kún un, ó gbọ́dọ̀ ní àwòṣe ilẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tí yóò sọ bí ojú ilẹ̀ ṣe ga tó. Oríṣi méjì ni àwòṣe yìí. Ọ̀kan ń fi ohun tí ẹni tó wà lókè yóò kọ́kọ́ rí hàn, ìyẹn òrùlé àti orí igi. Èkejì ń fi ilẹ̀ gan-an hàn, lẹ́yìn tí a bá ti yọ igi àti ilé kúrò. Èkejì yìí ni a fi ń ṣe ojú àgbàrá, nítorí omi kì í ṣàn lórí ewé kòkó.

Àwòṣe tí ọ̀pọ̀ ń mú lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tí Endeavour, ọkọ̀ ojú sánmà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ráda wọ̀n fún ọjọ́ 11 ní oṣù Kejì ọdún 2000. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ráda náà kì í sábà wọ inú igbó dídí dé ilẹ̀, nǹkan bí 30 mítà ló sì wà láàárín ibi kan tó wọ̀n sí èkejì. Ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa, láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè dé ẹsẹ̀ Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, odò kékeré lè sá pamọ́ sáàárín 30 mítà.

Wọ́n ti gbé àwòrán ọ̀nà oko kan fún wa rí, tó fi òkè hàn níbi tí a kò bá òkè kankan. Oko igi tíìkì ló wà níbẹ̀. Orí igi ni wọ́n kà sí ilẹ̀. Kọ́fátì, ìyẹn ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n yà sínú àwòrán náà wà níbi tí omi kì í gbà, ọ̀nà tí omi ń gbà gan-an kò sì ní nǹkan kan.

LiDAR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán lésà wọn ilẹ̀, tí a gbé sórí ọkọ̀ òfuurufú tàbí dúróònù dára jù, nítorí ìtànṣán rẹ̀ ń gba àárín ewé kọjá, èyí tó bá sì padà kẹ́yìn ló sábà ń ti ilẹ̀ wá. Síbẹ̀, ẹni kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn ín, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo bẹ ìjọba pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ Èkìtì lọ́nà yìí, kí wọ́n sì fi àwòṣe rẹ̀ sí àrọ́wọ́tó gbogbo ẹnjiníà. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe buwọ́ lu àwòrán tí kò sọ ibi tí wọ́n ti rí gíga ilẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Awọnlẹ̀ kan, Adó-Èkìtì