Iye ẹ̀rọ amúnimí nìkan kọ́ ló yẹ ká máa kà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ẹ̀rọ amúnimí tuntun, fẹntilétọ̀ bí a ṣe ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n kó wá fún ilé ìwòsàn kan lágbègbè wa. Inú mi dùn sí i tọkàntọkàn, torí mo ti rí ohun tí àìsí rẹ̀ ń ṣe. Àmọ́ ohun kan wà tí mo wá títí nínú ìròyìn náà tí n kò rí: ta ni yóò máa gba ẹ̀rọ yìí lẹ́nu aláìsàn nígbà tí àkókò bá tó?

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe nílùú London kí n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Ìbàdàn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa mì. Nígbà tí ara dẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ló máa ń dúró ti aláìsàn kan tó wà lórí ẹ̀rọ, tọ̀sán-tòru. Lóṣù yẹn, èmi nìkan ń ṣọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mìíràn mẹ́rin. Àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀. Bí a bá bọ́ ìbòjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ká lè mu omi, "ẹ kú ìrọ́jú" la fi ń kí ara wa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ yìí ń wo àìsàn. Kò pa fáírọ́ọ̀sì kankan. Bí kòrónà tàbí irú rẹ̀ bá ti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú tí omi sì kún un, a ó ti rọ́bà gba ẹnu aláìsàn wọ ọ̀nà èémí, ẹ̀rọ á máa ti afẹ́fẹ́ àti ọ́síjìn wọlé, kí ara lè ráyè bá àrùn jà. Oògùn la fi ń mú un sùn kó lè fara da rọ́bà náà. Àwọn tí tiwọn bá le jù, a máa ń dá wọn dojú bolẹ̀ fún bíi wákàtí 16 lójúmọ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn olùwádìí ní Oxford kéde pé dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ti wà tipẹ́, ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín ikú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ kù. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé wọ́ọ̀dù wa.

Ṣùgbọ́n bí àrùn bá ti ń fi í sílẹ̀, wàhálà mìíràn á dé, torí ara tí wọ́n bá ń bá mí kì í pẹ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí. Iṣan kan wà láàrin àyà àti ikùn tó ń fa èémí wọlé. Lọ́dún 2008, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan fi hàn pé láàrin wákàtí 18 sí 69 lórí ẹ̀rọ, fọ́nrán iṣan yìí ti jò ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá ti rí ẹsẹ̀ tí teguntegun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú igi kúrò lára rẹ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Eegun ti so, àmọ́ ẹsẹ̀ ti rù, kò lè gbé olówó rẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún gbígba ẹ̀rọ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò fún jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú, mo sì gbà pé ó bá a mu gan-an. Kò síyàá tó máa já ọmọ lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ tí ara ọmọ ń gbóná. Á kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ tọ́ ọ lẹ́nu wò. Bó bá kọ̀ ọ́, á gbé e mọ́ra, á fún un lọ́mú, ó di ọ̀la.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Láàárọ̀, a ó dá oògùn oorun dúró, a ó pe aláìsàn lórúkọ, a ó ní kó di ọwọ́ wa mú. A ó wò ó bóyá ọ́síjìn tó nílò ti wálẹ̀, bóyá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa, bóyá ó lè wúkọ́ débi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á fi gòkè. Bí ìwọ̀nyí bá dára, a ó dín ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kù, a ó jẹ́ kó máa fúnra rẹ̀ mí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó pẹ́ tán wákàtí méjì. Èmi á dúró ti ibùsùn, màá máa ka èémí. Bó bá ti ń ju 35 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí òógùn bo iwájú orí, tí ihò imú ń fẹ̀, tí iṣan ọrùn ń le, mo ti mọ̀ pé kò tíì tó. A ó dá a padà kó sinmi. Bó bá yege, tó sì lè wúkọ́ dáadáa, rọ́bà á jáde.

Àwọn tí kòrónà ṣe ló gba sùúrù wa jù. Oògùn oorun tí wọ́n ti gbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kì í tètè kúrò lára. Bí wọ́n bá ń jí, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á fẹ́ fa rọ́bà yọ, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà, gbogbo ojú tó yí wọn ká ni ìbòjú bò. Bí a bá yọ ọ́ láìtó àkókò, tó wá di dandan kí á tún ti rọ́bà padà, ewu ńlá ni. Bí a bá sì fi falẹ̀, àkóràn mìíràn á wọ ẹ̀dọ̀fóró, iṣan á tún jò sí i. Fún àwọn kan, iwájú ọrùn la ní láti dá lu, ká ti rọ́bà gba ibẹ̀ dípò ẹnu, kí wọ́n tó lè bọ́.

Lọ́dún 2008 kan náà, ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, aláìsàn 336 ló kópa. Gbogbo wọn wà lórí ẹ̀rọ, gbogbo wọn sì ni wọ́n ń dán mímí wọn wò. Ìpín kan ni wọ́n ń dá oògùn oorun rẹ̀ dúró láràárọ̀ kí wọ́n tó dán an wò. Nínú èèyàn méje méje tí wọ́n ṣe báyìí fún, ẹnì kan yè tí ì bá ti kú kí ọdún tó yí po.

Ohun tó tún máa ń wá sí mi lọ́kàn ni Copenhagen lọ́dún 1952. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ kò sì tó rárá. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n dá ọrùn aláìsàn lu, kí wọ́n máa fi àpò rọ́bà fún afẹ́fẹ́ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,500 ló ń gbà á fún ara wọn, wọ́n ń fún un tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí ara àwọn kan fi lè dá mí. Ọwọ́ ọmọ èèyàn ni wọ́n fi ṣe é.

Kí ẹ má bàa rò pé ìwé lásán ni mò ń kà fún yín, kòrónà gbé àbúrò mi ọkùnrin dè lọ́dún 2021, níbí, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé e sí, tuntun ni. Alaalẹ́ ni mò ń pè láti London. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n sọ iye ọ́síjìn rẹ̀ fún mi, mo sì mọ̀ pé ó ti tó dán wò. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti dá oògùn oorun dúró. Wọ́n ní àwọn ń retí dókítà tó máa pàṣẹ. Nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣọ́ èèyàn márùn-ún lóru. Lóru ọjọ́ kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò tètè gbéra, ọmọ yẹn fọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ fún àbúrò mi nínú òkùnkùn, ó fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú. Mi ò ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò, àdúrà ni mò ń gbà fún un títí dòní. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n tó dán mímí rẹ̀ wò, ó sì yege lẹ́ẹ̀kejì. Ó yè, mo dúpẹ́. Tíṣà ni, oṣù mẹ́rin kọjá kó tó lè di ṣọ́ọ̀kì mú. Ọjọ́ mẹ́jọ tó fi sùn lásán yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Olóòtú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn yín padà síbi tí wọ́n kó ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lọ. Kó lọ lóru, kó ka iye nọ́ọ̀sì tó wà nídìí ibùsùn. Kó béèrè bóyá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ láṣẹ láti dá oògùn oorun dúró láàárọ̀, kódà lọ́jọ́ Àìkú, láìdúró de ọ̀gá, àti bóyá onífisiotẹ́rápì kankan, ẹni tó ń ran iṣan lọ́wọ́ kó lè padà lágbára, ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kó wo bí ọ́síjìn wọn ṣe ń dé àti ohun tó ń gbé iná wọn. Kó sì béèrè, láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, èèyàn mélòó ló ti bọ́ lórí rẹ̀ tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ojú ìwé kan náà tí ẹ gbé àwòrán ẹ̀rọ sí ni kí ẹ jọ̀wọ́ gbé ìdáhùn wọn sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì afẹ̀yìntì kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.